AṢỌ ILẸ̀ TÍ Ó TÚN JẸ́ OÚNJẸ



Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni a ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá tí a ti ń bó ìrẹsì ní Ìmọ̀tà, èyí tí a kọ́ láti máa bó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Láti ìgbà náà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti gbọ́ orúkọ Ìmọ̀tà, ìrẹsì ni ọkàn wọn ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú mọ̀ pé a kì í jẹ ìrẹsì lásán. Ata, ilá, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ẹ̀gúsí tí a fi ń se ọbẹ̀ kò ti inú ẹ̀rọ jáde. Inú ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, ọwọ́ ìyá ilé ni ó sì ń tọ́jú wọn. Ọ̀rọ̀ ọgbà kékeré yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí: bí a ṣe lè fi àwọn ewéko tí ń fà nílẹ̀, tí a sì ń jẹ, bo ilẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́, kí òjò má baà gbá erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, kí èpò má baà borí rẹ̀, kí ìkòkò ọbẹ̀ má sì ṣófo.

ILẸ̀ TÍ Ó WÀ NÍ ÌHÒÒHÒ

Àwọn àgbà a máa ki ilẹ̀ pé, “Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́, a-fọkọ́-yẹrí.” Òtítọ́ ni, ọkọ́ ni òòyà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya irun orí rẹ̀ tán, tí kò sì wọ aṣọ, kò tíì múra tán láti jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọgbà rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọgbà tí ó mọ́ tónítóní, tí kò sí ewé kan ṣoṣo láàárín ebè rẹ̀, ni ọgbà òṣìṣẹ́, àti pé èyí tí ewé bo ilẹ̀ rẹ̀, ti ọ̀lẹ ni. Èrò yìí ń gba agbára àti owó lọ́wọ́ wọn láìmọ̀.

Ilẹ̀ agbègbè Ìkòròdú àti Ìmọ̀tà títí lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ pupa tí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ni apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kọ ebè sí, omi sì ń tètè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lè di ọ̀rá ara rẹ̀ mú pẹ́. Nígbà tí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan a máa lu ilẹ̀ ìhòòhò bí ẹni ń sọ òkò lù ú. Erùpẹ̀ òkè, èyí tí ó dúdú tí ó sì lọ́ràá, a tú. Omi a gbé e gba ojú poro lọ sí gọ́tà, láti gọ́tà sí odò, láti odò sí ọ̀sà. Ohun tí ó kù fún ata àti ilá ni iyanrìn lásán. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, oòrùn a wọ inú ilẹ̀ náà, a fa ìwọ̀nba omi tí ó kù nínú rẹ̀ gbẹ.

Àwọn onímọ̀ ti wọn àdánù yìí. Ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí a ń pè ní IITA, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1970 lórí erùpẹ̀ tí òjò ń gbá lọ. Lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní ìhòòhò, erùpẹ̀ tí ó lọ lórí hẹ́kítà kan ní ọdún kan lè ju 100 tọ́ọ̀nù. Níbi tí wọ́n ti fi koríko gbígbẹ bo irú ilẹ̀ kan náà, èyí tí ó lọ kò tó nǹkan. Ní ọdún 2020 ni a fún Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtọ́jú ilẹ̀. Òjò kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Aṣọ ni ó yàtọ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ÀGBÀ TI MỌ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì. Láti ayé àtijọ́ ni àgbẹ̀ ti ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti àgbàdo. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ lè rò pé àìtó ilẹ̀ ni ó fà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé níbi tí ẹ̀gúsí bá ti tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, èpò kì í rí ojú hù, ilẹ̀ a sì máa tutù. Ọ̀mọ̀wé Okezie Akobundu, tí ó kọ ìwé pàtàkì kan lórí èpò ilẹ̀ olóoru ní ọdún 1987, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí irú ewéko tí ń bo ilẹ̀ báyìí ní IITA. Ohun tí ìwádìí fi hàn kò tako ti àwọn àgbà.

Àwọn àgbà tún ní ohun kan tí kò sí mọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí: ààyè láti jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Bí wọ́n bá dá oko fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n a fi í sílẹ̀ kí ó di igbó, kí ewé igbó fi ọ̀rá padà sínú rẹ̀. Lónìí, ní agbègbè Ìkòròdú, oko tí bàbá fi sílẹ̀ ti di ilé. Ilẹ̀ tí ó kù sí ẹ̀yìnkùlé kò ju kí a fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kan. Òun kan náà ni a ń gbìn lọ́dọọdún, kò sí ibòmíràn tí a ó sá sí bí ó bá ṣá. Nítorí náà, ilẹ̀ tí kò lè sinmi gbọ́dọ̀ ní aṣọ tí yóò máa wọ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú ìtàn. Ní àwọn ọdún 1920 sí 1930, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ń dán ewéko kan wò tí a ń pè ní mukúnà. Ìbátan wèrèpè ni, ṣùgbọ́n kì í yún ara. Wọ́n a gbìn ín kí ó bo ilẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n a ro ó mọ́ erùpẹ̀ kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Ó ṣe ilẹ̀ ní àǹfààní. Wọ́n rọ àwọn àgbẹ̀ títí pé kí wọ́n máa gbìn ín, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kò gbà. Kì í ṣe agídí. Mukúnà ń gba ilẹ̀, ó ń gba iṣẹ́, kò sì sí ohun tí a ó ká nínú rẹ̀ fi sínú ìkòkò. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ gbìn ín ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n ẹ̀kan ni ó ti gba oko mọ́ wọn lọ́wọ́ tí wọ́n fi wá nǹkan tí yóò pa á. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé aṣọ tí a bá fẹ́ kí olọ́gbà kékeré fi bo ilẹ̀ rẹ̀, ó sàn kí ó jẹ́ èyí tí a lè jẹ.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ayé mọ èyí pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a ń pè ní Haudenosaunee a máa gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé sí ojú kan, wọ́n sì ń pè wọ́n ní arábìnrin mẹ́ta. Àgbàdo dúró bí òpó, ẹ̀wà gùn ún, ó sì ń fún ilẹ̀ ní ọ̀rá, elégédé tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní.

ÀWỌN EWÉKO TÍ Ó YẸ

Ẹ̀gúsí ni olórí wọn. Èyí tí ń fà nílẹ̀, tí a ń pè ní bàrà, ni kí a lò. Èyí tí ń gun igi, tí a ń pè ní ìtóò, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, kí a gbin horo méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò kan, kí ihò sí ihò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta kí a fi ọkọ́ ro àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìtàkùn yóò ti pàdé ìtàkùn, láti ìgbà náà lọ ewé rẹ̀ ni yóò máa bá ni ro oko. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìtàkùn a gbẹ, bàrà a sì hàn nílẹ̀. A ó kó wọn jọ, a ó fi kùmọ̀ fọ́ wọn, a ó fi wọ́n sílẹ̀ kí ara wọn rà, kí a tó fọ horo inú wọn kí a sì sá a sí oòrùn. Òórùn rẹ̀ kò dára, nítorí náà kí a ṣe é jìnnà sí ilé. Kí a má ṣe dáná sun ìtàkùn tí ó gbẹ. Kí a jẹ́ kí ó jẹrà sórí ilẹ̀ tí ó ti bò.

Elégédé ní ewé tí ó fẹ̀ bí àwo. Ìtàkùn kan lè rìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, nítorí náà ihò kan tàbí méjì tó fún ọgbà kékeré, kí ó sì jẹ́ ní etí ọgbà. Ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, òdòdó rẹ̀, èso rẹ̀ àti horo inú rẹ̀ ni a lè jẹ.

Ọ̀dùnkún, tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́ tàbí kúkúndùnkún, dára fún ibi tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, nítorí pé gbòǹgbò àti ìtàkùn rẹ̀ ń di erùpẹ̀ mú. Kí a gé ìtàkùn tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a ri èyí tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ mọ́ ebè. Ní Sierra Leone àti Liberia, ewé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́ pàtàkì. Níhìn-ín, ewúrẹ́ ni a sábà máa ń fún. Oríṣi kan wà tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, èyí tí ó ní èròjà tí ń ran ojú ọmọdé lọ́wọ́. Nítorí iṣẹ́ lórí irú ọ̀dùnkún yìí ni Maria Andrade, ọmọ Cape Verde, Robert Mwanga, ọmọ Uganda, àti Jan Low fi wà lára àwọn tí ó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 2016.

Ẹ̀wà tí ń fà nílẹ̀ ní kókó kéékèèké ní ara gbòǹgbò rẹ̀, inú àwọn kókó wọ̀nyí ni ó sì ti ń mú ọ̀rá inú afẹ́fẹ́ wá fún ilẹ̀. Bí a bá gbìn ín ní òjò ńlá, èèpo rẹ̀ a máa jẹrà kí ó tó gbó. Ó sàn kí a gbìn ín ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, kí ó lè gbó nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Gbúre kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò gbìn ín pàápàá ń rí i lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìwà rẹ̀ tí ó dára jù ni pé kì í kórìíra òjìji. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, abẹ́ ewúro, ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ẹ̀fọ́ mìíràn kò ti ní ṣe dáadáa, gbúre yóò tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kí a gé ọ̀pá rẹ̀ tí ó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, kí a fi gún ilẹ̀ tútù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, yóò sì máa rú padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sè é, kí ó má ṣe bu omi sí i, nítorí omi pọ̀ nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a máa gé e kí ó tó so, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, horo rẹ̀ yóò hù káàkiri, aṣọ yóò sì di èpò.

Pápásan ni ìdàkejì gbúre: ojú oòrùn ni ó fẹ́. Ọ̀pá rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ewé rẹ̀ kéré, ó sì nípọn, ó sì lè dúró lórí ilẹ̀ iyanrìn nígbà tí òjò bá dá. Ó bá àárín ata àti ìgbá mu. Ẹni tí yóò bá ká a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ewéko mìíràn wà tí ó ń fà nílẹ̀ tí ó sì fara jọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ́ ẹ, oje funfun bí wàrà ni yóò jáde. Pápásan kì í ní oje funfun. Èyí tí ó bá ní in, kí a má ṣe fi sí ìkòkò.

BÍ A Ó TI ṢE É

Kí olọ́gbà kọ́kọ́ gbin ohun tí ó ga: ata, ilá, ìgbá, àgbàdo tàbí ewúro, sórí ebè. Bí wọ́n bá ti mú ilẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó gbin èyí tí ń fà sínú poro àti sí ẹ̀gbẹ́ ebè. Ẹ̀gúsí nìkan ni a lè gbìn ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àgbàdo. Kí a fi àyè tí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ yí ìdí ata kọ̀ọ̀kan ká, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, kí ìdí rẹ̀ má baà rà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ewéko kò tíì bo ilẹ̀, kí a fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tẹ́ ojú poro.

Ẹni tí kò bá gbàgbọ́, kí ó má ṣe gbàgbọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ó pín ọgbà rẹ̀ sí méjì. Kí ó fi ewéko bo apá kan, kí ó sì máa ro apá kejì mọ́ tónítóní gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, kí ó lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà kí ó wo àwọ̀ omi tí ń ti apá kọ̀ọ̀kan ṣàn jáde. Omi tí ó pọ́n ń gbé ilẹ̀ lọ. Omi tí ó mọ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ sí àyè rẹ̀. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé nínú ilé kọ iye ọjọ́ tí a fi ro apá kọ̀ọ̀kan àti iye ìgbà tí a ká oúnjẹ níbẹ̀ sínú ìwé. Ní ìparí ọdún, ìwé náà yóò sọ òtítọ́ láìgbè sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.

Ó ṣeé ṣe kí ìyá ọkọ wo ọgbà tí gbúre ti bo abẹ́ ata, kí ó sì wí pé ọmọ òun fẹ́ ọ̀lẹ. Kí ìyàwó ilé má ṣe bá a jiyàn. Kí ó gé gbúre náà, kí ó sè é pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí ó ti inú ọgbà kan náà jáde, kí ó gbé e fún Ìyá pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ọbẹ̀ náà ni yóò bá a ṣàlàyé.

ÌKÌLỌ̀

Ibi tí ó bá tutù tí ó sì ní òjìji, ejò a máa fẹ́ràn rẹ̀. Kí a fi ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ ní ìhòòhò láàárín ilé àti ọgbà, kí a sì fi ọ̀pá tú ewé kí a tó na ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Kí a má ṣe rán ọmọdé lọ ká ẹ̀fọ́ nínú òkùnkùn.

Ilẹ̀ tí a ti fín oògùn apèpò sí, gbúre àti pápásan tí ó bá hù níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó hù ní etí gọ́tà tàbí lórí ààtàn. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ń dà láàmú, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó máa jẹ gbúre tàbí pápásan lemọ́lemọ́, nítorí èròjà kan wà nínú wọn tí ó lè mú àìsàn náà le sí i.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá ṣọ̀wọ́n, ọ̀dùnkún àti elégédé lè bá ata du ìwọ̀nba omi tí ó wà. Ní àkókò náà, kí a gé wọn, kí a fi ewé wọn tẹ́ ilẹ̀. Òkú ewé kì í mu omi, ṣùgbọ́n ó ń bo ilẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó lọ bá òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ ti orílẹ̀-èdè, tí a ń pè ní NIHORT, wà láti ọdún 1975 fún irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da ilẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ilé ń pọ̀ sí i ní Ìmọ̀tà, ọ̀nà ń gbòòrò, oko sì ń dínkù. Ìwọ̀nba ilẹ̀ tí ó kù lẹ́yìn ilé ni àwọn ọmọ tí ń bọ̀ yóò bá. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò, iyanrìn ni wọn yóò jogún. Ẹ fi ẹ̀gúsí bò ó, ẹ fi gbúre bò ó, ẹ fi ọ̀dùnkún bò ó. Ẹni tí ó bá bo ìhòòhò ilẹ̀, ilẹ̀ náà yóò bo àṣírí rẹ̀.